Ìgbà Òtútù Ni Wọ́n Ti Ń Tukọ̀ Ìgbà Ooru

Bí èèyàn bá dé Annapolis, olú ìlú ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, yóò bá àìmọye ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Eastport, adúgbò tí odò Spa Creek là kúrò lára àárín ìlú, àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe kún fọ́fọ́. Wọ́n fi tapólì bo àwọn kan láti iwájú dé ìdí. Wọ́n yọ òpó àwọn mìíràn, wọ́n tò ó sórí àgbékọ́. Àlejò tó bá wò wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ ń sùn, olówó rẹ̀ náà ti lọ yáná nílé. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣán oko nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, bẹ́ẹ̀ ni atukọ̀ ń fi òtútù ṣiṣẹ́. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lójú omi nínú oṣù Agẹmọ, láàárín oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà ló ti pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Omi tí wọ́n ń tukọ̀ lórí rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀sà ńlá tó ń jẹ́ Chesapeake Bay. Ó gùn tó nǹkan bí 200 máìlì kó tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì, àmọ́ kò jìn: bí a bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ. Omi iyọ̀ láti inú òkun àti omi tútù láti inú odò Susquehanna àtàwọn odò mìíràn ló pàdé níbẹ̀. Omi tí kò jìn, tí iyọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, kì í pẹ́ dì. Nínú òtútù ọdún 1977, ọ̀sà náà dì débi pé àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí yóò tún rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà pàápàá máa ń múra sílẹ̀: kí òtútù tó le, wọ́n á yọ àwọn kan lára àmì oníná tó léfòó ní apá òkè ọ̀sà, wọ́n á fi irú èyí tí yìnyín kò lè fọ́ rọ́pò rẹ̀.

Gbígbé ọkọ̀ kúrò lómi ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gíga kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tòun ti táyà ni wọ́n ń lò. Ó máa ń na bẹ́líìtì fífẹ̀ méjì gba abẹ́ ọkọ̀, á sì rọra gbé e sókè. Omi ṣì ń ro lára rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi pọ́ǹpù alágbára fọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ewé omi àtàwọn ẹ̀dá oníkarahun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń le koránkorán bí wọ́n bá gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e ka orí pákó, kí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lè wà lórí kíìlì, ìyẹn ohun wúwo tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé. Àwọn irin tí wọ́n fi tì í lọ́tùn-ún lósì kọ́ ló gbé e. Ńṣe ni wọ́n ń dá a dúró kó má wó. Wọ́n á fi ṣéènì so ti ọ̀tún mọ́ ti òsì gba abẹ́ ọkọ̀. Òfin kan wà tí àwọn ọgbà ọkọ̀ kì í fi ṣeré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so okùn tapólì mọ́ àwọn irin yẹn. Bí ìjì bá gbé tapólì, á fa okùn, okùn á fa irin yọ, ọkọ̀ tó wọn ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù á sì wó lu èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, omi ni ọ̀tá. Kì í ṣe omi ọ̀sà o. Omi díẹ̀ tó sápamọ́ sínú ọkọ̀ ni. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ó tó láti la irin ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹ́ńjìnnì dísù inú ọkọ̀ ìgbòkun máa ń fa omi láti ìta kó má baà gbóná jù. Bí omi yẹn bá kù sínú rẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, ìnáwó ńlá ti dé. Nítorí náà, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á jẹ́ kó fa omi tí kò níyọ̀ láti fi fọ inú rẹ̀, wọ́n á wá gbé kẹ́ẹ̀gì oògùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀ kó máa fà á. Ìgbà tí èyí tó ń jáde lẹ́nu páìpù èéfín bá pọ́n bíi ti inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n tó pa á. Propylene glycol ni oògùn náà, òun náà ni wọ́n ń rọ sínú páìpù omi mímu àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà, ethylene glycol, tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Májèlé nìyẹn, kò yẹ kó dé ibi tí èèyàn ti ń bu omi mu, kò sì yẹ kó kán sínú ọ̀sà.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí òtútù tó wọlé ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá lọ tán. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ ti kó èérí àti ásíìdì. Bí ó bá jókòó sínú ẹ́ńjìnnì fún oṣù márùn-ún, irin ni yóò máa jẹ. Táǹkì dísù, wọ́n á rọ ọ́ kún. Bí àyè bá ṣófo nínú táǹkì, ìrì á sẹ̀ sí i lára, omi á ro sínú dísù, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbi tí omi àti dísù ti pàdé. Ìdọ̀tí wọn á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, á dúró jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí ìgbì bá rú u sókè, á wá dí fílítà pa lẹ́ẹ̀kan náà. Atukọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sí ẹnu èbúté nínú ìjì oṣù Agẹmọ lè má mọ̀ pé láti oṣù Bélú ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ti bátìrì kò yàtọ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣáájì kún kì í dì àfi bí òtútù bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ti kú á dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 nísàlẹ̀ òdo, irú òtútù tí ojú àwọn ará Annapolis ti rí dáadáa.

Nínú gbogbo iṣẹ́ òtútù, àyẹ̀wò ni mo kà sí pàtàkì jù. Nígbà ooru, abẹ́ ọkọ̀ wà nínú omi, ojú olówó rẹ̀ kò tó o. Àsìkò yìí ló lè rìn yí i po, kó fọwọ́ pa á lára, kó fi òòlù kékeré kàn án, kó sì tẹ́tí sí bí ó ṣe ń dún. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ibi tí fáíbà bá ti le, ohùn òòlù á dún ketekete. Ibi tí omi bá ti wọ̀ ọ́ lára láti ọdún pípẹ́, ohùn náà á kú, ara ibẹ̀ á sì ta róró. Ó kéré tán, ó nílò oṣù mélòó kan lórí ilẹ̀ kí irú ara bẹ́ẹ̀ tó gbẹ, ìgbà òtútù nìkan ló sì ní àyè oṣù bẹ́ẹ̀.

Olówó ọkọ̀ tún ń wo irin ìrúbọ. Bí oríṣi irin méjì bá jọ wà nínú omi iyọ̀, ọ̀kan nínú wọn á máa jẹ dànù. Kó má baà jẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú ni yóò jẹ, wọ́n máa ń de ègé irin mìíràn tí omi tètè ń jẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí omi lè dojú kọ ìyẹn. Nínú òkun gidi, síǹkì ni wọ́n ń lò. Nínú ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan bíi ti Chesapeake, alumíníọ́mù ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ègé náà bá ti jẹ dé ìdajì, ó tó pààrọ̀. Bí kò bá jẹ rárá lẹ́yìn odidi ọdún kan lómi, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ba olówó ọkọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí omi ti máa jẹ nǹkan mìíràn.

Lókè, wáyà tó di òpó mú ni ọ̀rọ̀ kàn. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò bá dé, bíi inú ọrùn irin tí wọ́n fi gbá orí rẹ̀ mú, ó ń jẹ níkọ̀kọ̀. Wọ́n á fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, wọ́n á sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti òkè délẹ̀: bí fọ́nrán kan bá ti já, á há mọ́ aṣọ. Ìgbòkun ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán an ni wọ́n ń gbé e lọ, kí oòrùn tó ti jẹ òwú rẹ̀ má baà jẹ́ kó fàya lójú omi. Ẹni tó bá gbé e lọ nínú oṣù Ọ̀pẹ á tètè rí i gbà. Ẹni tó bá dúró di oṣù Igbe á tò sẹ́yìn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọkọ̀ onípákó ṣì wà ní Chesapeake, iṣẹ́ tiwọn sì gba sùúrù. Pákó tó gbẹ máa ń súnkì, àlàfo á là láàárín ọ̀kan àti ìkejì. Wọ́n á fi òwú àti fọ́nrán okùn tí wọ́n ti rì sínú ọ̀dà há àlàfo náà, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá a wọlé, wọ́n á wá dí ojú rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ dídí ọkọ̀ ní Maryland kí n má dárúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó fọwọ́ wọn ṣe é. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní apá ìlà oòrùn ọ̀sà yìí kan náà, kọ́ iṣẹ́ yẹn ní Fells Point, ní ìlú Baltimore, láti nǹkan bí ọdún 1836. Kò pẹ́ tó fi ń gba iye owó tó ga jù lọ tí àwọn tó mọṣẹ́ ń gbà, dọ́là kan àtààbọ̀ lóòjọ́, ọkùnrin tó sọ pé òun ló ni ín ló sì ń kó owó náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 1838, Douglass wọ aṣọ atukọ̀, ó mú ìwé ẹ̀rí atukọ̀ tí ọ̀rẹ́ kan yá a dání, ó wọkọ̀ ojú irin sá lọ. Ohun tó ti mọ̀ nípa ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn atukọ̀ wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú tán, àwọn òṣìṣẹ́ funfun daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1865 láti lé àwọn dúdú tó ń dí ọkọ̀ kúrò ní àwọn ọgbà ọkọ̀ Baltimore. Isaac Myers, tí òun náà kọ́ṣẹ́ dídí ọkọ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, wọ́n dáwó, wọ́n sì dá ọgbà ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ní 1868 ni wọ́n fi orúkọ Chesapeake Marine Railway and Dry Dock Company sọrí ilé iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin. Ó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn níṣẹ́, ó sì wà títí di 1884.

Iṣẹ́ tó kù di ti inú ilé. Ọ̀pọ̀ gúlúù àti ọ̀dà kì í gbẹ dáadáa nínú òtútù, nítorí náà wọ́n máa ń tú àwọn nǹkan onígi tó bá ṣeé tú, wọ́n á gbé wọn lọ sílé, wọ́n á kùn wọ́n níbi tó ti móoru. Wọ́n á tún okùn so, wọ́n á rán ibi tó ti fàya. Ẹ̀wù agbéniléfòó tó máa ń wú bí ó bá kan omi, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ kún nínú pálọ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò wà lára rẹ̀. Ìgò gáàsì kékeré inú rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, torí iye tó yẹ kó wọ̀n wà lára rẹ̀. Àwòrán omi ti kúrò lórí bébà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni àjọ NOAA ti ìjọba Amẹ́ríkà parí kíkó àwọn àwòrán omi orí bébà àtijọ́ nílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wo ibi tí omi jìn sí àti ibi tí iyanrìn wà báyìí. Orí rẹ̀ ni atukọ̀ ti ń wá ọ̀nà àwọn ìlú Maryland bíi St. Michaels, Oxford àti Solomons, tó ń ka wákàtí, tó ń wo ibi tí òun lè ju ìdákọ̀ró sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń pe àwọn tí yóò bá a lọ. Ẹni tó ń lépa ìdíje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ní Annapolis, àwọn tó lè fa okùn dáadáa ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ bá wọn du ìje láti Annapolis lọ sí Newport, tó tó nǹkan bí 475 máìlì ojú òkun, ẹ̀kọ́ ààbò lójú òkun ló kọ́kọ́ ń wá.

Ẹ̀kọ́ yẹn ní ìtàn. Nínú oṣù Ògún ọdún 1979, ọkọ̀ ìgbòkun 303 ló gbéra fún ìdíje Fastnet láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjì gbá wọn mú lójú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, èèyàn 15 lára àwọn tó ń díje sì kú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé okùn tí àwọn kan fi so ara wọn mọ́ ọkọ̀ kò lágbára tó. Àwọn mìíràn bọ́ sínú ọkọ̀ ìgbàlà onírọ́bà nígbà tí ọkọ̀ wọn ṣì lè léfòó. Wọ́n rí ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn náà, wọn ò rì. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ ti ń fi ọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ ààbò. Ní Annapolis, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1845 ti gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lálejò, níbi tí èèyàn ti ń wọ inú omi tòun taṣọ, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọkọ̀ onírọ́bà, kó tó di pé òkun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ.

Àwọn kan kì í dúró de ooru. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1932, àwọn atukọ̀ kan ní Port Washington, nítòsí New York, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kéékèèké díje nínú òtútù. Àṣà náà tàn kálẹ̀, àwọn ará Annapolis náà ń ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe é láìmọ ohun tí omi tútù ń ṣe. Ẹni tó bá já sínú omi tó fẹ́ẹ̀ dì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan láti mú èémí rẹ̀ bọ̀ sípò, torí èémí á já a gbà. Ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lè gbọ́ràn. Ó ní nǹkan bí wákàtí kan kó tó dákú. Bí kò bá wọ ẹ̀wù agbéniléfòó, kò ní dé ìpele kẹta. Àwọn tó fi ọ̀sà Chesapeake jẹun kò ní àǹfààní àtidúró de ooru ní tiwọn. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń kó ọ́ísítà, ẹ̀dá oníkarahun tí wọ́n ń jẹ, òfin ìpínlẹ̀ Maryland sì gbà wọ́n láàyè láti 1865 pé kí wọ́n máa fi ọkọ̀ ìgbòkun wọ́ àwọ̀n irin nísàlẹ̀ omi láti kó o. Inú iṣẹ́ yẹn ni ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní skipjack ti jáde. Ní 1985, Maryland fi í ṣe ọkọ̀ ìpínlẹ̀ wọn.

Ní àárín oṣù Ẹrẹ́nà, ẹyẹ apẹja tó ń jẹ́ osprey máa ń padà dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, á sì tún ìtẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn òpó tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ará Eastport máa ń pé jọ, wọ́n á dáná, wọ́n á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi la òtútù já, wọ́n á sì sun ún. Olùdarí ọgbà ọkọ̀ kan níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òkun ìlú náà ló ń gbàlejò rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń yan ọ́ísítà níbẹ̀. Atukọ̀ gidi kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ títí òtútù yóò fi padà dé, bí wọ́n ṣe ń sọ nìyẹn.

Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ló kẹ́yìn. Bàbà wà nínú rẹ̀, kí nǹkan má baà máa hù lára ọkọ̀, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà wọ́n á bo imú, wọ́n á fi omi há a kó tó di pé wọ́n kun tuntun. Bí ó bá gbẹ, ẹ̀rọ agbọ́kọ̀ á tún dé. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ṣùgbọ́n wọn ò ní í tú bẹ́líìtì. Olówó ọkọ̀ á kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á wo gbogbo ihò tí páìpù gbà kọjá, á fọwọ́ kan ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti jáde, á gbé pákó ilẹ̀ wò bóyá omi ń wọlé. Ọkọ̀ onípákó lè wà nínú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, títí pákó yóò fi mu omi, tí yóò wú, tí àlàfo yóò sì dí. Ìgbà tó bá jáde wá, tó ní kò sí wàhálà, ni wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Maryland, tí wọ́n ń gba orí afárá Chesapeake Bay kọjá láìbojú wo ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí oṣù Ẹrẹ́nà tó ń bọ̀ tó parí, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Eastport kí wọ́n rí ọkọ̀ lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ kan kíìlì. Ẹ mú wọn dé Fells Point, níbi tí wọ́n kọ́ ilé ìrántí Frederick Douglass àti Isaac Myers sí létí omi. Kí ẹ tó ṣe méjèèjì, ẹ fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ òrùlé kì í ti ilẹ̀kùn nígbà òtútù.